Ẹ Wo Gbòǹgbò Kí Ẹ Tó Sanwó Ọmọ Kòkó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọjà ọmọ kòkó inú ọ̀rá náà a gbóná. Àwa olùrà, ewé la máa ń wò. Èyí tó bá ga jù là ń sáré sanwó lé lórí. Èrò tèmi ni pé ibi tí a ti ń ṣìnà nìyẹn, nítorí gbòǹgbò ló ń gbé kòkó dúró, kì í ṣe ewé.

Ẹ gbọ́ ná. Oṣù 4 sí 6 ti tó fún ọmọ kòkó láti bọ́ sóko. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, olórí gbòǹgbò á kan ìsàlẹ̀ ọ̀rá, á wá ká mọ́ ara rẹ̀ bí òṣùká. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í lè rìn jìn nínú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Kòkó a máa gbà tó ọdún 3 sí 5 kó tó so. Ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún àgbẹ̀? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Àwọn kan rò pé omi púpọ̀ ni ìtọ́jú. Rárá o! Gbòǹgbò náà ń mí. Bí omi bá dúró sínú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á pọ́n, á sì rọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní òùngbẹ ni, á tún bu omi sí i! Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti ń gbẹ, ẹ bomi rin ín láàárọ̀. Ọ̀rá gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀.

Àbá mi rèé: kí ẹni tó ń tà sọ oṣù tó gbìn ín, kí á má fi gíga díye lé e mọ́, kí olùrà sì lè ya ọ̀rá 2 tàbí 3 wò kó tó sanwó. Àwọn tó ń tà á ní àdánù ni. Ó dáa, kí olùrà san owó èyí tó bá ya. Hẹ́kítà 1, tí a bá gbìn ín ní mítà 3 síra wọn, ń gba ọmọ kòkó bí 1,100. Kí ni 3 nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò nípàdé kí òjò tó dé.