Ẹ má rán HDMI níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn

Mo ti pinnu pé mi ò ní kọ nǹkan kan síbí títí màá fi parí orí kẹta ìwé ìwádìí mi, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹgbẹ́ wa ní South Side níbí, ní Chicago, ṣe ìrántí fún bàbá kan tó jáde láyé. Gbọ̀ngàn òkè kún fọ́fọ́, la bá ní káwọn tó kù jókòó sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni wọ́n ní kí n so ó pọ̀. Ìṣirò ni mò ń kà o, kì í ṣe iná, àmọ́ ẹ mọ àwọn èèyàn wa: tó o bá ti ń ṣe PhD, o ti di injiníà nìyẹn. Mo ra wáyà HDMI ẹsẹ̀ bàtà 75. Ó nípọn bí àtàǹpàkò, ẹnu rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Láàárọ̀, mo dán an wò, àwòrán mọ́ kedere. Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin bàbá dìde láti sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn. Ó tàn, ó tún ṣókùnkùn. Àbúrò olóògbé, màmá àgbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Wọn ò rí nǹkan kan, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde jàre, ọmọ mi, o gbìyànjú." Ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Ẹnì kan ní tẹlifíṣọ̀n ló ti gbó. Ẹlòmíì ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ayé. Wáyà ni, èmi ni mo sì rà á.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé a ṣì ń ronú bí ìgbà áńtẹ́nà. Ẹ rántí: ẹnì kan á wà níta tó ń yí òpó, ẹnì kan á wà lójú fèrèsé tó ń pariwo, "Ó ti ń mọ́! Dá a padà díẹ̀!" Bí agbára rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, àwòrán á dà bí ìgbà tí wọ́n da ìrẹsì sí i lójú, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù. HDMI kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 0 àti 1 ló ń fi ránṣẹ́. Bí ọ̀nà ṣe ń jìn, agbára wọn ń dínkù nínú wáyà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ṣì lè mọ 0 yàtọ̀ sí 1, àwòrán á mọ́ bíi pé kò sí nǹkan kan. Tó bá ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó parí. Nítorí náà, "ó ṣáà ṣiṣẹ́ láàárọ̀" kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé etí bèbè ló wà láti àárọ̀, kí ẹnì kan wá fẹsẹ̀ kọ wáyà.

Wọ́n gbé HDMI jáde ní 2002, láti so ẹ̀rọ méjì tó wà nínú pálọ̀ kan náà pọ̀. Àwòrán 1080p ń kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 bit kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 4K lè tó bílíọ̀nù 18. Wáyà bàbà lásán máa ń gbé irú 4K bẹ́ẹ̀ dé mítà mẹ́ta sí márùn-ún. 1080p lè fara dà á dé mítà 10 tàbí 15. Ẹsẹ̀ bàtà 75 jẹ́ mítà 23! Góòlù ẹnu ẹ̀ ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá, kó má baà dógùn-ún ni wọ́n ṣe fi kùn ún.

Kí ni ká wá lò? HDMI fáíbà wà, tó ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ kó tó rán an lọ. Ó ń rìn jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n ó ní orí àti ìdí: tó o bá ki ẹnu tó yẹ kámẹ́rà bọ tẹlifíṣọ̀n, kò ní ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tó o ti fà á gba inú ògiri tán. Tí ilẹ̀kùn bá sì tẹ̀ ẹ́ já, ẹ gbé e jù nù. HDBaseT náà wà, ó jáde ní 2010: àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wáyà Cat6 láàárín, àwọn kan nínú wọn sì lè dé mítà 100. Àmọ́ ẹ má fà á gba inú switch íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ sì ṣọ́ra fún Cat6 pọ́ọ́kú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ló pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lo aláìlówáyà, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí fóònù igba kóra jọ sí gbọ̀ngàn kan ná.

Tèmi ni pé SDI ló yẹ ẹgbẹ́ bíi tiwa. Láti 1989 ló ti wà, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń lò ó. Wáyà coax kan ṣoṣo ni, ó sì lè gbé àwòrán HD dé nǹkan bíi mítà 100 tí wáyà náà bá dáa. Yíyí là ń yí ẹnu rẹ̀ tì, ọmọdé ò lè fẹsẹ̀ fà á yọ. Tó bá já, ẹ gé e, ẹ fi ẹnu tuntun sí i, iṣẹ́ ń lọ. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà wa ò ní SDI. A máa ra àpótí tó ń yí i padà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Akápò á bínú. Àmọ́ a ná ju dọ́là 1,000 lọ sórí kámẹ́rà, a wá ná 40 sórí wáyà. Ẹni tó ra mọ́tò olówó ńlá tó lọ fi táyà gbígbó sí i, ṣé títì ló máa bá wí ni?

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Sunday, a máa fà á. Orí àjà ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà ló máa gbà kọjá, torí náà wáyà tí wọ́n kọ CMP sí lára ni ká rà, nítorí òfin iná. Ẹni tó bá ní àkàbà gígùn, kó jọ̀ọ́ pè mí. Màmá ti ní àwọn ń bọ̀ fún ìkómọ oṣù tó ń bọ̀, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n sì máa jókòó sí.