Fìlà orí páìpù èéfín: ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré

Bí eruku bá pọ̀ níbi iṣẹ́, gbogbo wa ni a ń fohùn kan béèrè ìbòmú lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá délé, ta ni ń gbèjà ìyàwó tí ń ro àmàlà láfún lórí iná igi, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Owó gáàsì ti lé ọ̀pọ̀ nínú wa padà sídìí igi àti èédú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé ṣe okùnfà ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Páìpù tí ń kó èéfín jáde lè ràn wá lọ́wọ́. Ní Guatemala, wọ́n dán an wò láàárín ìdílé 534, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: nílé àwọn tí ó gba ààrò onípáìpù, gáàsì olóró tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń fà símú dín kù ní ìdajì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi páìpù ínṣì 6 sí ilé ìdáná mi. Nígbà tí ó kan fìlà tí yóò dé e lórí, owó ti tán. Mo mú ìdérí agolo ọ̀dà, mo fi wáyà dè é mọ́ ẹnu páìpù típẹ́típẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àwọn ọmọ pè mí: "Bàbá Ṣadé, ṣé páìpù yín ń gbé èéfín mì ni, àbí ńṣe ló ń bì í?" Mo fi ìbínú yọ ìdérí náà kúrò. Òjò àkọ́kọ́ tí ó rọ̀ pa iná, omi dúdú sì kán sínú ọbẹ̀. Gààrí ni a mu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wẹ́dà kan ní Lafẹ́nwá ni ó là mí lójú. Àyè tí a fi sílẹ̀ yíká abẹ́ fìlà kò gbọdọ̀ kéré sí ẹnu páìpù fúnra rẹ̀. Bí páìpù bá rí roboto, ẹ fi 4 pín ìbú ẹnu rẹ̀: ínṣì 6 di ínṣì 1½. Ìyẹn ni ó kéré jù. Ínṣì 3 ni mo ní kí ó fi sílẹ̀ fún tèmi, nítorí igi tútù a máa fi ẹ̀gbin dúdú dí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Kí fìlà náà ní etí tí ó yọ kọjá páìpù bí akẹtẹ̀, kí òjò oníjì má bàa rí ọ̀nà wọlé. Kì í ṣe gọ̀bì tí ó lẹ̀ mọ́ orí.

Ẹlòmíràn a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó nítorí ẹyẹ àti alángbá. Ẹ má ṣe é, ẹ̀gbin yóò dí i pa láìpẹ́. Wáyà tí ìka lè wọ ojú rẹ̀ ni kí ẹ lò, bóòtù ni kí wọ́n sì fi dè é, kí a lè tú u fọ̀.

Fìlà kò lè gba páìpù kúkúrú là o. Ní àdúgbò wa tí ilé gun òkè àpáta lérí ara wọn, òrùlé yín lè bá fèrèsé aládùúgbò dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí páìpù ga, kí ẹ má bàa gbé ìyà ìyàwó yín fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń yá wa lówó ra alùpùpù, ó ń yá wa lówó ra àgbò Iléyá. N kò rí ìdí tí kò fi lè yá wa lówó páìpù àti fìlà. Ẹ sì rántí ìyá olóúnjẹ tí ń dáná fún wa lẹ́nu géètì, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Wẹ́dà wà láàárín wa. Èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wọn ẹnu páìpù ilé rẹ̀ kí ó tó wá.