Àwòrán Kò Ní Ìwọ̀n: Ẹ Má Jẹ́ Ká Pa Ìpàdé Òkúta Wa Tì

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó kọjá, àwa mọ́kànlá péré la wà lábẹ́ igi máńgòrò tí a máa ń jókòó sí. Òkúta mẹ́rìndínlógún ló wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ìgò omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, táìsì tó fọ́ kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ wa tí òjò ti pa létí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkúta, akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde, ó ní òun ní àbá kan: kí a dá ìpàdé oṣooṣù yìí dúró, kí oníkálùkù máa ya àwòrán òkúta rẹ̀ sórí WhatsApp, kí a sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà pàtẹ́wọ́. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò.

Mo ti mọ ibi tí ìbò tèmi ń lọ. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, àti ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gbọ́ rí pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílùú Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló fà mí lọ sí ìpàdé náà nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo sì tẹ̀ lé e nítorí pé ó ní wọ́n máa ń pín ẹ̀pà àti gúgúrú. Lójú tèmi nígbà náà, òkúta kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí i pé àwọn baba wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ àpáta yàtọ̀ sí ọta, wọ́n mọ yangí yàtọ̀ sí ẹfun, wọ́n sì mọ òjé yàtọ̀ sí irin. Èmi tí mò ń kọ́ èdè ti mọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan púpọ̀ nínú wọn rí.

Òfin ìpàdé wa kò pọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ yóò mú ó kéré tán òkúta kan dání, yóò sì kọ ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i, àti ohun tó wà láyìíká ibẹ̀ sórí ìwé pélébé kan. A kì í ta òkúta níbẹ̀, a kì í rà. Òkúta á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí yóò fi kárí. Lẹ́yìn náà la ó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Mi ò ní sọ pé akọ̀wé wa kò ní àwíjàre. Owó ọkọ̀ ti wọ́n. Ẹni tó ń ti Mọ́níyà bọ̀ ń ná owó oúnjẹ ọjọ́ méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa kó sì padà. Tí ìdánwò bá dé, ìpàdé á di ti ènìyàn márùn-ún. Òjò ti lé wa kúrò lábẹ́ igi nígbà mẹ́ta lọ́dún yìí. Ẹni tó bá ní kí a wá ọ̀nà tó rọrùn kò ṣẹ̀. Ohun tí mò ń bi í ni pé, ṣé ohun tí à ń ṣe lábẹ́ igi yẹn ṣeé ṣe nínú fóònù?

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ká ní ẹ rí òkúta funfun méjì nínú àwòrán. Ọ̀kan jẹ́ máábù láti Ìgbẹ̀tì, èkejì jẹ́ kúọ́tìsì láti ẹ̀bá ọ̀nà oko. Nínú àwòrán, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lábẹ́ igi, a ó ha díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ìyẹ̀fun máábù yóò hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti kúọ́tìsì kò ní mira. Tí ọsàn bá sì tán, a ó fi òkúta náà ha ara ìgò. Kúọ́tìsì yóò fi ojú àpá sára ìgò, máábù kò ní lè ṣe é. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1812 ni Friedrich Mohs to àwọn òkúta láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù, láti 1 dé 10. Èékánná wa wà ní nǹkan bíi 2.5, ìgò wà ní nǹkan bíi 5.5, kúọ́tìsì wà ní 7. Èékánná àti àfọ́kù ìgò ti tó ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Tàbí ká ní ẹnìkan mú òkúta dúdú méjì wá láti Òkè-Ògùn. Ọ̀kan jẹ́ tọ́malíìnì, èkejì jẹ́ tàǹtáláìtì tí àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ ń wá kiri nítorí ohun tí wọ́n ń rí yọ nínú rẹ̀ fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àwòrán yóò fi dúdú méjì hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn sọ́wọ́: bí wọ́n bá tilẹ̀ tóbi bákan náà, tàǹtáláìtì lè wúwo tó ìlọ́po méjì tọ́malíìnì. Ọwọ́ ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta pupa ràkọ̀ràkọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sáré gbé wá láti agbègbè Iléṣà pé àwọn ti rí wúrà. Wọ́n á fi í ra ẹ̀yìn táìsì tí kò dán. Wúrà á fi ilà pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n páíráìtì tó ń fi ara wé e á fi ilà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú sílẹ̀. Fóònù wo ló lè ra táìsì?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tọ́malíìnì tàbí wúrà ni mo ṣe jókòó kọ nǹkan yìí. Nítorí tìróò ni.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ya àwòrán òkúta aláwọ̀ eérú kan tó ń dán sórí WhatsApp. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ni ín. Ẹnìkan ní irin ni. Ẹlòmíràn ní ohun dídán-dídán inú iyanrìn ni. Àwọn tó kù fi iná àti àtẹ́wọ́ sí i, ọ̀rọ̀ sì tán. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyá náà fúnra wọn tẹ̀ lé ọmọ náà wá. Wọ́n ń ta ẹfun, kán-ún, àti tìróò lọ́jà. Wọ́n gbé òkúta náà lé orí tábìlì láàárín tiwa.

Ọ̀gá wa kan tó wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka jiọ́lọ́jì gbé e. Kò tíì wò ó dáadáa tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ó ní, "Èyí wúwo ju bó ṣe tóbi lọ." Ó fi hàn wá bó ṣe ń là sí igun mẹ́rin mẹ́rin bíi ṣúgà oníhóró, ó sì rọ̀ débi pé owó bàbà lè ha á. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún ìyá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó jọ pé òjé ló wà nínú ẹ̀. A ò ní ẹ̀rọ tó máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ níbí o, àmọ́ ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ ná, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ dáadáa."

Ìyá kò bínú. Wọ́n kàn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé èyí tí mo fi ń lé tìróò fún ọmọ ọmọ mi nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn kíákíá. A sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí òjé. Ìyá gbà. Ní oṣù kejì, wọ́n padà wá pẹ̀lú oríṣi tìróò mẹ́ta tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n ní ká bá àwọn gbé e wò.

Ẹni tó bá rò pé à ń fi ìpayà ṣeré, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n ń lé sí ojú ọmọ náà, ló fà á. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún tìróò yẹn, ju 80 lọ jẹ́ òjé. Ní ọdún 2010 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn, láìmọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilé, ó bo oúnjẹ, ó bo ọwọ́ ọmọdé. Ó ju irinwó ọmọ lọ tó kú.

Àwòrán tìróò yẹn ti wà lórí fóònù wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tó fi í hàn ni ìwọ̀n rẹ̀, àwòrán kò sì ní ìwọ̀n.

Ohun kejì tí a ó pàdánù ni àwọn ènìyàn. Bàbá kan máa ń wá láti Apẹtẹ, kànga ni wọ́n ń gbẹ́. Fóònù wọn jẹ́ oníbọ́tìnnì, kò mọ WhatsApp. Ní ìpàdé kan, wọ́n to nǹkan mẹ́rin sórí tábìlì láti inú kànga kan ṣoṣo: ilẹ̀ pupa, yangí, òkúta tó ti ń jẹrà tí ọkọ́ ṣì lè wọ̀, àti ọta gidi tí wọ́n bá nísàlẹ̀. Wọ́n sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí omi ti ń sun wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì tó wà níbẹ̀ ti ya àwòrán ìpele mẹ́rin yẹn nínú ìdánwò àìmọye ìgbà, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fi ọwọ́ kan án rí. Ọ̀kan nínú wọn wá ṣàlàyé fún Bàbá ìdí tí òkè Màpó fi dúró títí di òní: òkúta tó wà níbẹ̀, ìran kúọ́tìsì ni, òjò kì í tètè jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fẹ́ gba iṣẹ́ kànga lápá ibẹ̀. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé lè dìde dúró kó má rí i. Tí a bá gbé ìpàdé sórí fóònù, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá, a sì ti mọ́ ìyá oní-tìróò náà.

Àwọn kan á ní ayé ti lajú. Ó dáa. Ní London, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ òkúta àti ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1858 ṣì wà. Ní New York, George Kunz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1886, ìpàdé oṣooṣù ṣì ni àṣà wọn. Àwọn yẹn ti ní íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò torí ẹ̀ pa ìpàdé tì.

Nítorí náà, àbá tèmi nìyí. Ẹ jẹ́ kí WhatsApp máa ṣe iṣẹ́ tó lè ṣe: kó máa kéde ìpàdé, kó sì máa gba àwòrán òkúta tí a ti gbé wò, tí a ti kọ orúkọ àti ibùgbé rẹ̀. Kí ìpàdé máa wáyé lóṣooṣù, àyàfi oṣù ìdánwò. Kí a tọrọ yàrá kíláàsì kan fún ìgbà òjò. Kí àwa tí a ń gbé inú ọgbà dá owó díẹ̀ jọ láti fi ran àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró dè wá láti bẹ̀ yín.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti òkúta tún fi ọwọ́ kún un. Sátidé àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ wá dìbò. Tí tìróò bá sì wà nílé yín, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá dì í, kẹ́ ẹ mú un dání.