KÍ ÀBÁ TÓ DI ÒFIN

Ẹ̀yin ará wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ẹ ń gbé Sábó Gàrí àti àyíká rẹ̀ ní Kánò níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tọ́ kí ẹgbẹ́ wa fọkàn sí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti òfin tí a ń ṣe ní Àbújá, tí ó ń kan ọjà wa, owó orí wa àti ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Àṣà wa ni pé ìgbà tí òfin bá ti kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni a tó ń béèrè ẹni tí ó ṣe é. Àwọn àgbà kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Igi gánran-an má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí àbá òfin ń tọ̀. Ilé méjì ni ó wà ní Àbújá: Ilé Aṣojúṣòfin tí ó ní ọmọ ilé 360, àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tí ó ní 109. Aṣòfin kan lè gbé àbá wá, Ààrẹ náà sì lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ní kíkà àkọ́kọ́, àkọlé àbá nìkan ni akọ̀wé ilé ń kà. Kò sí àríyànjiyàn. Ní kíkà kejì ni àwọn aṣòfin ń dìde láti sọ bí ó bá dára tàbí kò dára. Bí ó bá la ibẹ̀ já, ó di ti kọmitíì. Lẹ́yìn ti kọmitíì, gbogbo ilé yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ilé kejì yóò tún tọ ọ̀nà kan náà, bí ohùn ilé méjèèjì kò bá sì ṣọ̀kan, wọn a yan ènìyàn díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tọ̀tún-tòsì kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan.

Ìgbà náà ni ó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, ẹni tí ó ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan sì tún gbà á wọlé, ó di òfin láìsí ọwọ́ Ààrẹ. Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta sílẹ̀. Àwọn aṣòfin sì fi ìbò wọn sọ ọ́ di òfin.

Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibì kan ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún irú wa tí kì í ṣe aṣòfin. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ̀ kọmitíì. Kọmitíì a máa pe ìpàdé ìta gbangba, a máa kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, a sì máa ní kí ẹni tí ó bá lọ́rọ̀ láti sọ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹni tí ó bá lè wá sì wá. Ibẹ̀ ni a ti ń yọ ẹsẹ kan kúrò, tí a sì ń fi òmíràn sí i. Àwọn oníṣòwò ńlá, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbẹjọ́rò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ àtìpó ńkọ́? A kì í sábà bá wọn níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ọdún 1999 ni a kọ́kọ́ gbé àbá rẹ̀ wá. Ní 2007 ó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, kò sì rí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ni a bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí i. Ọdún 12 gbáko! Àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ kò jẹ́ kí ó kú. Ìdí nìyẹn tí ó fi yè.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí òbí wọn, jẹ́ ara àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, ọmọ wa tí a bí sí Kánò, tí ó ń sọ Hausa bí ẹni mumi, tí bàbá rẹ̀ sì ti ń san owó orí níhìn-ín láti ìgbà èwe, kì í ṣe ti Kánò. Bí ó bá sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, wọn a ní ará òkè ọya dé. Òfin ni ó fà á, òfin nìkan ni ó sì lè tún un ṣe.

Àtúnṣe ìwé òfin sì le ju ti òfin lásán lọ. Ó ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan ní Àbújá, kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tún gbà á. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, a dìbò lórí àbá pé kí obìnrin tí ó bá ti lo ọdún 5 nílé ọkọ lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Kò rí ìbò tí ó tó. Àwọn obìnrin fi ẹ̀hónú hàn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀, Ilé Aṣojúṣòfin sì ní òun yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Síbẹ̀ kò sí nínú àwọn àtúnṣe tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2023.

Ní ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, Igbákejì Olórí Ilé Aṣojúṣòfin, Ọ̀gbẹ́ni Benjamin Kalu, àti àwọn aṣòfin mìíràn gbé àbá wá pé kí ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan lè di ọmọ ibẹ̀. Ariwo ta. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó fa àbá náà sẹ́yìn. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn ará ilé wa wà lára àwọn tí ó pariwo jù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àlejò yóò gba Èkó mọ́ wọn lọ́wọ́. A kò fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ bàbá ẹni kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá wọn sọ ti àwa tí a wà ní Kánò, ní Jos, ní Kàdúná? Òṣùwọ̀n tí a fi wọn àlejò l’Ékòó ni a ó fi wọn àwa náà níhìn-ín. Wọ́n fárí lẹ́yìn olórí, nítorí olórí dákẹ́.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé, “Àtìpó ni wá, kí a má dá sí ọ̀rọ̀ onílẹ̀.” Ìwà pẹ̀lẹ́ dára, ó sì ti ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n òfin Àbújá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè ìlú. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó ni ín. Bákan náà, aṣòfin tí ó wà ní ìlú tí a ti wá kọ́ ni aṣojú wa. Ẹni tí ó ń ṣojú Fagge ní Àbújá ni ó ń ṣojú Sábó Gàrí, ẹni tí ó sì ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Kánò yóò dìbò nígbà tí àtúnṣe bá dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ṣì fi orúkọ ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀, tí kì í sì í lọ dìbò níbẹ̀, kò ní aṣojú kankan.

Àbá tiwa nìyí. Kí ẹ̀ka yìí yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa wo ìwé ìròyìn fún ìkéde kọmitíì. Nígbàkigbà tí àbá tí ó kàn wá bá la kíkà kejì já, kí a kọ̀wé, kí á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣojú wa níhìn-ín àti sí ẹgbẹ́ nílé, kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Kí olúkúlùkù sì gbé orúkọ ìdìbò rẹ̀ wá sí ibi tí ó ń gbé. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé-jẹ. Kí Ọlọ́run ṣe é ní àṣeyọrí fún wa.