Òkò Tí Wọ́n Sọ Sọ́jà

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oníjàgídíjàgan ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń sọ òkò mọ ẹni tó ń bínú sí, kò mọ ẹni tó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Àbádòfin ni òkò tí mo ní lọ́kàn. Ní ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Nàìjíríà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó ohun oko tàbí ohun inú ilẹ̀ lọ sókè òkun, àfi bí iṣẹ́ tí a ṣe sí i nílé bá ti fi ìdá 30 nínú 100 kún iye rẹ̀. Wọ́n ní iléeṣẹ́ yóò pọ̀, ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́, ọrọ̀ ajé yóò gbèrú. Bóyá. Àmọ́ kòkó Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ l'Ékìtì wà lára ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò kàn, bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tí wọ́n ń wà ní Ìjerò.

Iye kan ṣoṣo ni àwọn tó ń ṣírò ipa òfin sábà máa ń gbé wá: gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún yóò fi báyìí lọ sókè. Iye náà lè jóòótọ́, síbẹ̀ kó má fi ojú ẹnì kankan hàn. Àgbẹ̀ Arámọkọ já kòkó, ó là á, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó sá a, ó gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Bí àwọn tó fẹ́ rà á bá ti pọ̀ tó ni owó ṣe ń dára tó. Bí kò bá wá sẹ́ni tó lè kó o lọ sókè òkun láìlọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ ìlọkòkó kò sì tó nǹkan, ẹlẹ́rọ ni yóò máa dá iye lé e. Èrè ẹlẹ́rọ yóò wọnú ìṣirò ìjọba, wọn á ní ọrọ̀ ajé gbèrú, nígbà tó jẹ́ pé àpò àgbẹ̀ ni wọ́n ti mú lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso èmi, tí a fi ń ṣe òrí, jáde fún oṣù mẹ́fà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kò pẹ́ tí owó rẹ̀ fi já lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣà á.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé títí láé la ó máa ta kòkó lásán, ká tún máa fi owó gọbọi ra ṣokoléètì. Rárá o. Òwe náà kò ní ká má jà. Ọjà ló ní ká má sọ òkò sí. Ẹ wo Indonéṣíà: wọ́n gbé owó orí lé kòkó tó ń jáde ní 2010. Iléeṣẹ́ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkó oko wọn dínkù lẹ́yìn náà. Igi tó ti gbó àti àìsàn ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn padà ń ra kòkó láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹlòmíràn á ní ta ló mọ̀la? Lóòótọ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là; kó tó pé ọdún kan, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì. Ìyẹn ò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kòkó tí ẹ̀rọ Nàìjíríà lè lọ̀ lọ́dún kò gba àfọ̀ṣẹ, kíkà ni. Àbádòfin náà ńkọ́: ìdá 30 ti kí ni gan-an? Ṣé kòkó sísá wà lára iṣẹ́ tí wọn yóò kà? Kí àwọn aṣojú wa l'Abuja béèrè ìṣirò yìí, ìlú dé ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó fi irú òfin yìí ṣiṣẹ́. Kòkó kì í dúró de ẹ̀rọ: bí ọjọ́ mẹ́fà bá pé lábẹ́ ewé, oòrùn ló kàn, lẹ́yìn oòrùn, ìwọ̀n.