Ta Ni Onídùúró Wa Bí Kọ́ńpìnnì Tẹlifíṣọ̀n Bá Wọ Gbèsè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu yín láti ìgbà pípẹ́, pàápàá lẹ́nu àwọn tí wọ́n ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láàrin wa: bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí à ń sanwó fún bá kógbá sílé, ta ni yóò gbà wá sílẹ̀? Àwọn kan a máa sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a ní ìjọba ìbílẹ̀ wo, èyí tí kò lè kó pàǹtí gọ́tà? Àwa rò pé ìbéèrè náà tó ohun tí a lè jókòó tì, nítorí pé ibì kan wà láyé tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ní agbára lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Amẹ́ríkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí tiwa nílé níbí. Ní ọdún 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ láti máa fi bọ́ọ̀lù Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn sáré ra dẹkódà. Ní 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dákẹ́. Dẹkódà orí tábìlì di ohun tí à ń gbé fìtílà lé. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan tó lè yọjú sí i, ká sì sọ òótọ́, a kò lè bá wọn wí. Sátẹ́láìtì ló ń gbé àwòrán náà bọ̀ láti òkè, kò gba ìdí òpó ìlú kankan kọjá.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, wáyà ni. Ẹni tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n oníwáyà ní láti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó sì fi okùn kọ́ òpó láti ojúlé dé ojúlé, ìlú ló sì ni títì. Ibẹ̀ ni agbára káńsù ti wá. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe ní 1984 sọ pé kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó fa wáyà, ìlú sì lè gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 5 nínú 100 owó tí ó ń pa lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Àwọn oníbàárà ni kọ́ńpìnnì sì sábà máa ń gbé owó náà kà lórí nínú bíìlì oṣooṣù. Láti nǹkan bí 2005 ni àwọn ìpínlẹ̀ kan, irú Texas àti California, ti gba àṣẹ yìí kúrò lọ́wọ́ káńsù, tí wọ́n gbé e fún ìjọba ìpínlẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ìyẹn, nítorí ẹni tí kòtò wà níwájú ilé rẹ̀ ló mọ bí kòtò ṣe jìn tó.

Kọ́ńpìnnì kan wà tí ó ń jẹ́ Adelphia. John Rigas ló dá a sílẹ̀ ní Coudersport, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. 300 dọ́là ló fi ra àṣẹ wáyà ìlú náà ní 1952. Ó ti ibẹ̀ dàgbà títí tí ó fi ní oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 5 lọ. Àfi bó ṣe di oṣù kẹta ọdún 2002 tí àṣírí tú pé ẹbí Rigas ti yá owó tó 2.3 bílíọ̀nù dọ́là, Adelphia ló sì dúró fún wọn, láìjẹ́ pé àwọn tó ra ìpín nínú rẹ̀ mọ nǹkan kan. Onídùúró ni kọ́ńpìnnì náà sọ ara rẹ̀ dà, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ohun tí ojú onídùúró máa ń rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n kó ìwé lọ sí kóòtù ní New York pé apá àwọn kò ká gbèsè mọ́. Kóòtù dá Rigas lẹ́bi ní 2004, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un ní 2005, èyí tí wọ́n dín kù sí 12 lẹ́yìn náà. Ẹ̀wọ̀n baba kò san owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kan àwọn ìlú ni bóyá àwòrán yóò dákẹ́, bóyá owó ọ̀nà yóò wọlé, àti ẹni tí yóò tú wáyà kúrò lórí òpó bí gbogbo rẹ̀ bá fọ́ yángá.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó rẹ̀ á rán ológò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa jẹ, á máa mu, á máa bú u, títí owó yóò fi jáde. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí kọ́ńpìnnì bá ti wọ kóòtù gbèsè, òfin ní kí gbogbo ológò dìde. Kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ lọ fúngun mọ́ ọn fún gbèsè àtẹ̀yìnwá láìgbàṣẹ adájọ́, káńsù náà ò yọ sílẹ̀. Owó ọ̀nà tí kọ́ńpìnnì ti gbà lápò àwọn ará ìlú, tí kò tíì kó fún ìlú, di gbèsè bí gbèsè yòókù, káńsù a sì tò sẹ́yìn àwọn báńkì tí ohun ìdógò wà lọ́wọ́ wọn. Òfin ààbò ìlú ṣì dúró o: káńsù ṣì lè ní kí ó dí kòtò tí ó gbẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ káńsù ti máa ń ṣe àṣìṣe rèé. Wọ́n a kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé bí kọ́ńpìnnì bá wọ gbèsè, àṣẹ parí. Ó dùn létí! Ṣùgbọ́n òfin gbèsè kì í sábà ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí. Kò gbà kí a torí gbèsè nìkan já àdéhùn gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìyànjú láti dìde. Káńsù tó gbójú lé e, ojú lásán ló gbé lé e.

Ohun tí ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A kì í yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó lórí ẹnu lásán. Onídùúró gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Káńsù tó gbọ́n a máa béèrè onídùúró lọ́jọ́ tí kọ́ńpìnnì ń wá àṣẹ, nígbà tí ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn: ìwé láti báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò pé bí ẹni yìí bá kùnà, àwa yóò san iye báyìí. Nítorí pé owó báńkì ni, tí kì í ṣe owó onígbèsè, kóòtù gbèsè kì í sábà dí i lọ́nà. Òun ni a ó fi tún títì ṣe, òun ni a ó fi tú wáyà tí wọ́n pa tì. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ariwo ti ta kó tó béèrè, báńkì wo ni yóò gbà fún un?

Àkọsílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bí kọ́ńpìnnì bá fẹ́ di ìwé àṣẹ náà mú, tàbí kí ó tà á fún ẹlòmíràn, òfin gbèsè ní kí ó kọ́kọ́ san ohun tó jẹ lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Láìsí ìwé àṣẹ, kí ló tún fẹ́ tà? Wáyà inú erùpẹ̀? Ìgbà yẹn ni káńsù tí ó ti ń kọ ẹ̀sùn àwọn ará ìlú sílẹ̀, ọjọ́ tí àwòrán dákẹ́, bíìlì tí wọ́n kà lékà, kòtò tí wọn kò dí, yóò gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò kọ nǹkan kan á máa wòran.

Àwòrán Adelphia kò dákẹ́. Abẹ́ Chapter 11 ló wà, èyí tó ń jẹ́ kí onígbèsè máa tajà lọ bí ó ti ń tún ilé rẹ̀ tò. Ó lo ọdún 4 níbẹ̀, kí Time Warner Cable àti Comcast tó rà á pín láàrin ara wọn ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2006, ní nǹkan bí 17.6 bílíọ̀nù dọ́là, owó àti ìpín. Nínú irú títà bẹ́ẹ̀, káńsù tí ìwé àṣẹ rẹ̀ béèrè fún ìyọ̀ǹda ní ọjọ́ 120 láti yẹ ẹni tó fẹ́ rà á wò: ṣé ó lówó, ṣé ó mọ iṣẹ́. Bí ọjọ́ náà bá pé tí káńsù kò fọhùn, òfin kà á sí pé ó ti gbà. Ẹ ò rí nǹkan, oorun káńsù ti di ìbuwọ́lù.

Níbi tí kò ti sí ìwé àdéhùn ńkọ́? Excite@Home ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà àwọn kọ́ńpìnnì tẹlifíṣọ̀n, kò sì bá káńsù kankan ní ìwé lórí rẹ̀. Ó wọ kóòtù gbèsè ní oṣù kẹsàn-án 2001. Ní ọjọ́ tó parí oṣù kọkànlá, adájọ́ gbà kí ó já okùn bí ó bá fẹ́. Nǹkan bí 850,000 oníbàárà AT&T ni íntánẹ́ẹ̀tì lọ mọ́ lọ́wọ́, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kí AT&T tó kó wọn bọ́ sórí ọ̀nà tirẹ̀.

Wàyí o, ọ̀dọ̀ tiwa. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé gbígba owó láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Owó gbígbà nìkan ni o! Ìwé àṣẹ fún ilé-iṣẹ́, ọwọ́ àjọ National Broadcasting Commission ló wà. Ṣùgbọ́n wáyà ti dé tiwa náà. Àwọn tó ń fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì ń gbẹ́lẹ̀ kiri Èkó àti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ onílé àti ìgbìmọ̀ ọjà ni wọ́n sì máa ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ àdúgbò. A kò ní kí ẹ lé wọn. Iṣẹ́ wọn wúlò fún ọjà wa. Ohun tí à ń sọ ni pé agbára tí káńsù Amẹ́ríkà ní lórí títì, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì ọjà. Kí ó wà nínú ìwé kí wọ́n tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀: ta ni yóò dí kòtò, ta ni yóò dá owó tí a ti san sílẹ̀ padà, báńkì wo ló dúró fún wọn. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tó bá san ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí i. Ẹni tó san ọdún kan sílẹ̀ ti yá kọ́ńpìnnì lówó, láìgba èlé, láìgba onídùúró.

Ìgbìmọ̀ ọjà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀ báyìí, kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí ó tó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé wa yóò bá wọn kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní gba kọ́bọ̀.