Ta ló ní wáìnì pupa Jámánì kò yẹ tábìlì àlejò?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Jos àti agbègbè rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa tó ti Òkè-Òkun dé ti ń dá sí ètò àpèjẹ ọdún wa ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní wáìnì pupa tí a ó gbé síwájú àlejò, ti ilẹ̀ Faransé nìkan ni kó jẹ́, pé àwọn Jámánì kò mọ̀ ju bíà àti wáìnì funfun lọ. Àwa kò fara mọ́ ọn. Owó ẹgbẹ́ ni a fi ń rà á, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ tẹnu wa.

Ẹ gbọ́ ìtàn Dornfelder. Ilẹ̀ Jámánì tutù, wáìnì pupa wọn láyé àtijọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rí bíi sóbò tí wọ́n bomi là jù. Lọ́dún 1955 ni August Herold, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí èso àjàrà ní ìlú Weinsberg, mú oríṣi àjàrà méjì, Helfensteiner àti Heroldrebe, ó mú wọn so pọ̀, wọ́n sì bí Dornfelder. Orúkọ Immanuel Dornfeld, ọ̀kan lára àwọn tó ṣakitiyan kí ilé-ẹ̀kọ́ wáìnì Weinsberg tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1868, ni wọ́n fi sọ ọ́. Èèpo rẹ̀ dúdú, ó sì máa ń yọ àwọ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bí i ni kí wọ́n máa bù ú sínú wáìnì mìíràn kí àwọ̀ ìyẹn lè dára. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni! Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tọ́ òun nìkan wò, wọ́n rí i pé ó lè dá dúró. Lónìí, lẹ́yìn Spätburgunder, kò sí àjàrà pupa tó pọ̀ tó o ní Jámánì, pàápàá ní Rheinhessen àti Pfalz. Àwa tí wọ́n máa ń sọ fún pé iṣẹ́ la wá bá onílẹ̀ ṣe, ìtàn yẹn yé wa dáadáa.

Oúnjẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí èèyàn kọ́kọ́ ka ara ìgò kó tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ trocken sí i, kò dùn; ṣúgà inú lítà kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 9 lọ. Lieblich ló dùn, tirẹ̀ lè tó gíráàmù 45.

Trocken ló yẹ ẹran tó wúwo: àgbọ̀nrín, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, tàbí Sauerbraten, ìyẹn ẹran màlúù tí àwọn Jámánì máa ń rẹ sínú fínígà àti èròjà fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi iná jẹ́jẹ́ sè é. Ní Pfalz, wọ́n ní Saumagen, ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rọ ẹran àti ànàmọ́ gígé sí, irú ànàmọ́ Irish tí wọ́n ń gbìn lórí òkè níbí. Helmut Kohl, tó ṣe olórí ìjọba wọn láti 1982 sí 1998, a máa gbé e fún àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó bá wá kí i. Ojú kò tì í rárá. Wáìnì funfun ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín in títí ara rẹ̀ fi pọ́n, Dornfelder náà bá a lọ.

Ata ni ọ̀tá wáìnì tó ń fa ahọ́n. Bí ata bá ti ta ẹnu, ṣe ni irú ọtí bẹ́ẹ̀ tún ń dá kún iná. Lieblich tó tutù díẹ̀ ló lè bá sùyà ṣe. Àwọn tó ń pè é ní ọtí obìnrin kò tíì fi jẹ sùyà rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àpèjẹ, ẹ ra trocken fún tábìlì ẹran sísun tí ata rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ ra lieblich fún ti sùyà. Àwọn Mùsùlùmí inú wa àti àwọn mìíràn tí kì í mutí, ẹ má jẹ́ kí sóbò wọn wọ́n. Ẹni tó bá ṣì ń fẹ́ ti Faransé, kò burú. Àpò ara rẹ̀ ni kó ti mú owó rẹ̀ wá.